Ọdún Tí Ikùn Ọkọ Mi Kò Sinmi

Ẹlẹ́kọ ni mí kí n tó di ìyá àgbà. Àgbàdo ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi igbá bò ó.

Agége là ń gbé nígbà náà, kò jìnnà sí ojú irin. Ó ku ọdún mélòó kan kí ilẹ̀ wa gba òmìnira. Àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà, níbi tó jẹ́ pé oko ni a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, bíríkìlà sì ni ọkọ mi níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e wá, òun ló sì gbé mi wá. Ìyá rẹ̀ ń bá wa gbé nínú yàrá méjì tí a háyà.

Ọgbẹ́ inú ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Èkó, wọ́n là á níkùn, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ lára àpòlúkù rẹ̀, wọ́n sì so èyí tó kù mọ́ ìfun. Ó padà wálé, ojú àpá san, a dúpẹ́. Oṣù bíi mẹ́ta kọjá, ó ti ń kọ́lé padà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, ikùn rẹ̀ á rí pẹlẹbẹ. Bó bá ti jẹun, kí oòrùn tó dé àtàrí, ikùn á ti ga, á le. Tí èèyàn bá fi ìka lù ú, á máa dún bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé sórí omi. Inú rẹ̀ á máa kùn, á máa pariwo, tí àlejò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ohun tó dùn ún jù ni pé àlùwàlá rẹ̀ kò dúró mọ́ nítorí ìsó. Kí wọ́n tó parí ìrun kan, á ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ tún un ṣe. Ó wá di ẹni tó ń kírun lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí, ní ẹ̀yìn àwọn ọmọdé, kí ó lè tètè yọ jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Ìwọ ni ladánì ẹ̀yìn wa." Ó bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kí ó máa lo póò dípò ṣáláńgá, kí n lè rí i, nítorí èmi kì í fi ojú sá fún nǹkan. Ìgbẹ́ náà ń léfòó, ó ń dán bí ẹni pé a da òróró sí i, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti ìgbẹ́ èèyàn. Ó ń jẹun, ó ń gbẹ. Ahọ́n rẹ̀ pupa, ó ń ta á. Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ òun ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, òun kò mọ ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ dáadáa. Bíríkìlà tí kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kò gbọdọ̀ gun igi tí wọ́n so mọ́ ògiri òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kan, kò sì lè gùn ún padà mọ́.

Fọ́máànù wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá sílé. Kò jókòó.

Ó ní, "Mo ti bẹ òyìnbó nítorí rẹ. Tí ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ bá parí, tí mo bá rí ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ààyè rẹ wà. Tí n kò bá rí ọ, má bínú sí mi. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ti kún ẹnu géètì."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Gbogbo wa ló mọ ohun tó kàn. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ là ń padà lọ, pẹ̀lú ọkùnrin tí kò lè gbé àpò sìmẹ́ńtì kan, débi tí yóò roko.

Ìyá ọkọ mi ti mọ orúkọ àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ti wo bàbá ọkọ mi sàn nínú rẹ̀ rí. Àgbo ni oògùn rẹ̀: èèpo igi, ewé, àti omi ògì kíkan. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kèrègbè fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi máa ta mọ́ èèyàn nímú, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Níbo ni omi ògì ti ń wá? Láti inú ìkòkò mi ni. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi bù ú fún wọn.

Kì í ṣe àgbo nìkan. Ní àdúgbò wa, wọn kì í bẹ aláìsàn wò lọ́wọ́ òfo, aláìsàn kì í sì í dá oúnjẹ àgbà padà. Ẹni tó bá gbé nǹkan wá á jókòó tì ọ́ títí wàá fi tọ́ ọ wò. Ará ìsàlẹ̀ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá láàárọ̀. Ará ojúde gbé èkuru wá. Ẹlẹ́ran gbé búrẹ́dì wá, búrẹ́dì Agége tó tutù rọ̀. Láàárín ìwọ̀nyí, èmi alára á po ògì gbígbóná, á fi mílíìkì inú agolo àti ṣúgà sí i, á ní kí ó mu díẹ̀ sí i, kí ara lè gbé e. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹnu ọkùnrin náà kò sinmi. Bó ṣe ń rù sí i la ṣe ń bọ́ ọ sí i.

Báyìí la wà tí oṣù ààwẹ̀ fi lé. Ooru mú gan-an, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Ọkọ mi ní òun yóò gbààwẹ̀.

Ìyá ní, "Aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀."

"Ìyá, láti ìgbà tí mo ti ń jẹ, èwo ló gbé mi dìde? Ẹ jẹ́ kí n dán àìjẹ wò."

"Kí wọ́n lè sọ pé mo jókòó, ọmọ mi kú sójú mi ní Agége?"

"Wọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ìyàwó mi ni wọn yóò sọ pé ó pa mí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá pòṣé sí àwa méjèèjì, wọ́n wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, mo ti ibi tí mo ti ń fọ ewé wọlé lásìkò ìrun Alásárì. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Mo gbé ọwọ́ lé e níkùn. Ó rọ̀! Ikùn tó ti máa ń le bí odó lásìkò yẹn.

Mo ní, "Bàbá wọn, kí lẹ ṣe?"

Ó ní, "N kò ṣe nǹkan kan. Mo kírun Àìlà ọ̀sán tán láìjáde." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun rí nǹkan he.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, a ṣínu: ògì, ṣúgà, mílíìkì, àkàrà, búrẹ́dì. Kò tó wákàtí kan, ikùn ti ga padà.

Mo jókòó ti ìkòkò mi, mo rò ó. N kò kàwé ju ìwé kejì lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ògì. Ẹni tó bá rẹ àgbàdo mọ̀ pé bí o bá da omi ìkòkò nù, tí o fọ̀ ọ́, tí o sì jẹ́ kí ó gbẹ kí o tó rẹ òmíràn, ìkòkò rẹ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá ń yára, tí o ń da àgbàdo tuntun lé èyí tó wà nísàlẹ̀, tí o kò jẹ́ kí ìkòkò gbófo rárá, á máa hó fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Á yọ ìfòòfó, á ti ọmọrí. Ohun tí à ń ṣe sínú ikùn ọkùnrin yìí nìyẹn. A kò jẹ́ kí ó gbófo rí. A tún ń fi omi kíkan ti ìkòkò mi lé e.

Ó dá mi lójú pé òótọ́ ni mo rí. Mo sì tún mọ̀ pé kò tó, nítorí ahọ́n rẹ̀ ṣì pupa, ní ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ṣubú sínú gọ́tà. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ewé ẹ̀kọ sílẹ̀, mo mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìdó, a sì gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti là á.

Dókítà náà òyìnbó ni, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún wa ọmọbìnrin kékeré ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Wọ́n bi mí ohun tí ọkọ mi ń jẹ. Mo kà á láti àárọ̀ lọ. Nígbà tí mo dé orí èkuru, nọ́ọ̀sì ní, "Ìyàwó, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ń sọ àbí gbogbo ilé?"

Mo ní, "Ẹnì kan ni, sísítà. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, ó ku àgbo."

Nígbà tí mo kà á tán, mo sọ ti ìkòkò fún wọn, àti ti ikùn tó rọ̀ lásìkò Alásárì. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bébà, ó ya ìfun ọkọ mi bó ṣe wà lẹ́yìn tí wọ́n so ó. Ó fi ṣóńṣó gègé kan igun kan tó dí ní ìparí, bí ojú gọ́tà tí omi kì í ṣàn kọjá. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Ó ní àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò rí, inú ìfun ńlá ni ilé wọn, wọn kì í ṣe èèyàn níbi níbẹ̀. Inú ìfun kékeré, níbi tí ara ti ń gba oúnjẹ, díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà, nítorí ìfun a máa gbá ara rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀ nígbà tí oúnjẹ kò bá sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú igun tó dí yẹn, wọ́n ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní, "Àwọn ló ń jẹun, òun ló ń ru ikùn. Èròjà tó yẹ kí ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù ú."

Ọkọ mi ní, "Kí wọ́n tún mi là, kí wọ́n kó wọn jáde."

"Dókítà ní kò tíì dé ibẹ̀. Kápúsù ni ẹ ó lò."

Kápúsù náà pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, a kò sì gbọdọ̀ fi mílíìkì gbé e mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kan, ó pupa bí omi ìṣápá, tí yóò máa gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní dísípẹ́ńsárì Agége nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó dá ààwẹ̀ dúró, kí ó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ó máa jẹun lójúmọ́, kí ó yó, lẹ́yìn ìyẹn omi lásán nìkan títí di ìgbà oúnjẹ mìíràn. Kí a dín ṣúgà kù, àti ẹ̀wà, àti mílíìkì, àti búrẹ́dì. Ìrẹsì, ẹja, ẹyin, ẹran tí a sè rọ̀. Àgbo oníkíkan, rárá.

Ìrẹsì ní àkókò yẹn, oúnjẹ ọdún ni. Nígbà tí mo gbé e kaná lọ́jọ́ lásán, Ìyá yọjú.

"Ọdún ti dé ni, ìyàwó?"

"Dókítà ló ní kí a ṣe é, Ìyá."

"Dókítà yẹn mọ adùn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbo ti parí. Kò parí. Ní ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ kápúsù, mo rí i pé ikùn tún ga láàárọ̀, kí ó tó jẹ nǹkan kan. Mo wo ẹ̀yìn àga. Ife àgbo wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá ń fún un nígbà tí mo bá lọ pọnmi, òun náà ń mu ún nítorí ìyá rẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Kí ni ariwo yóò ṣe? Ìyá tó bí ọmọ, tó rí i pé ọmọ ń kú lọ, á fi gbogbo ohun tó mọ̀ wò ó, ohun tí wọ́n sì mọ̀ nìyẹn. Mo gé òwú dúdú, mo lọ bá wọn.

Mo ní, "Ìyá, ojú mi kò ṣe é gbára lé. Ẹ bá mi fi òwú yìí wọn ikùn rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó fún un ní àgbo, kí ẹ ta kókó. Nígbà tó bá di ìrun Àìlà, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ ta kókó mìíràn."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ti mọ̀ pé mo mọ̀. Wọ́n gba òwú náà.

Ní ọjọ́ yẹn, àlàfo kókó méjèèjì tó ìka mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ wọ́n kí a fo àgbo lẹ́ẹ̀kan péré. Àlàfo rẹ̀ kò tó ìka méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ku ìka kan. Ìyá jókòó sórí àpótí, wọ́n ká òwú náà mọ́ ìka wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a.

"Ta ló ń bu omi ògì yẹn fún mi?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Àwa méjèèjì ni, nígbà yẹn."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé kèrègbè náà lọ sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń dà, n kò sì lọ wò ó.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá di ọlọ́pàá. Èmi kò lè dá oúnjẹ àgbà padà, ọkọ mi kò lè dá a padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó bí i jiyàn? Wọ́n gbé àpótí wọn sẹ́nu ọ̀nà. Ará ojúde tún gbé èkuru dé.

Ìyá ní, "Ẹ gbé e síhìn-ín. Èmi ni ara mi kò yá lónìí."

Obìnrin náà ní, "Ṣé kí ó má kàn tọ́ ọ wò ni, Ìyá? Díẹ̀ báyìí?"

"Èmi tí mo bí i ni mo ní kí ó má tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó lọ mú àga wá, ọ̀rọ̀ mi máa ń pẹ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Ìyá sanra. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní ìyà ọmọ ni àwọn ń jẹ.

Kápúsù tán. Ìgbẹ́ le, ó wọ ìsàlẹ̀ omi bí ó ṣe yẹ. Ó gba abẹ́rẹ́ pupa lẹ́ẹ̀mejì, ahọ́n rẹ̀ kò ta á mọ́, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilẹ̀. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó lọ pátápátá: igun tó dí yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, àìsàn náà sì padà wá lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọ wa kékeré tó wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n a ti mọ ojú rẹ̀. Bí ikùn bá ti dún bí igbá fún ọjọ́ mẹ́ta, a kì í dúró de ọjọ́ kẹrin, kápúsù ni. Abẹ́rẹ́ pupa kò sì dúró. Mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ààwẹ̀ kọ́ ló wò ó sàn, kí ẹnì kankan má fi àìjẹun wo aláìsàn. Ààwẹ̀ kàn fi ojú ọ̀nà hàn mí ni.

Ọdún Ìtúnu dé. Gbogbo ilé jẹ ìrẹsì, tiwa kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Ní ọjọ́ kejì tí ọdún parí, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó mú ọkọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ sìmẹ́ńtì, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkẹjà kí oòrùn tó yọ.

N kò ta ẹ̀kọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé fọ́máànù yóò wò ó lórí igi, kì í ṣe nílẹ̀. Mo tún mọ̀ pé bó bá di aago mẹ́wàá, àwọn bíríkìlà á rẹ gààrí sínú bàsíà kan ṣoṣo, gbogbo wọn á ní, "Wá jẹun," Ìyá kò sì sí níbẹ̀ láti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà fún un. Ìyá alára kò jókòó. Wọ́n gbá ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wọlé. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

Ìyá ní, "Ṣé o gùn ún?"

"Mo gùn ún."

"Gààrí wọn ńkọ́?"

"Mo ní ìyá mi yóò wá bá wọn níbẹ̀. Wọ́n gbé bàsíà wọn sá." Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó sì yíjú sí mi bí ẹni tó rántí ohun kan tó ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, kí lo sè? Ebi ń pa mí."

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo bu oúnjẹ.